Oúnjẹ Láti Òfurufú: Àwọn Ọmọ Ogun Wa ní Bọ́mà

Nígbà tí ogun Hitler gbóná janjan, tí àwọn ará Japáànì sì ti gba ilẹ̀ Bọ́mà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ìjọba kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà jọ, wọ́n sọ wọ́n di Dífísọ̀n 81, wọ́n sì kó wọn gba ojú òkun lọ sí Íńdíà ní 1943. Àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà ni a rán wọn lọ, ibi tí igbó dí, tí òkè sì ga tí ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75. Níbi tí ọ̀nà náà sì parí sí, orí àwọn aláàárù ló kù tí ń ru ọta àti oògùn. Ta ni yóò wá ru ìrẹsì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń jẹ lójoojúmọ́? Ìdí nìyí tí a fi ń fi bàálù bọ́ odidi dífísọ̀n náà ní 1944, ohun tí a kò ṣe fún dífísọ̀n kankan rí ṣáájú wọn. Àpò oúnjẹ a máa já bọ́ láti òkè. Bí ìkúukùu bá sì bo ojú ọ̀run, tí bàálù kò lè wá, ọmọ ogun a fi ebi sùn.

Ẹni tó bá ti ya kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ìpín nínú oúnjẹ òfurufú yìí. Èyí ló dé bá Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún 16 láìsọ fún àwọn òbí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japáànì ká àwọn olùtọ́jú aláìsàn tí ó wà láàárín wọn mọ́ etí odò. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀, kò sì lè dìde. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni wọ́n jọ kù nínú igbó. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n ebi kò kúrò nínú tiwọn. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ànító, ló ń bù nínú ìrẹsì ìdílé rẹ̀ fún wọn, tó sì gbà wọ́n sínú ilé níkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ dájú pé bí ọ̀tá bá rí wọn níbẹ̀, orí òun àti ti ọmọ òun ni yóò lọ sí i. Oṣù mẹ́sàn-án ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun Gurkha, tí ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì, tó dé ní oṣù kejìlá.

Isaac kọ ìtàn náà sílẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1999. Nígbà tí oníròyìn kan, Barnaby Phillips, wá ìdílé Shuyiman rí ní Bọ́mà, Shuyiman ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ka lẹ́tà ọpẹ́ Isaac fún, ọdún kan kí Isaac fúnra rẹ̀ tó papò dà ní 2012.