Ṣé o mọ̀? Ápù àti sínámónì lẹ́nu irin wáfù

Ṣé o mọ̀ pé irin wáfù àti irin tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá? Ní Yúróòpù àtijọ́, irin pẹlẹbẹ méjì tó ní ọwọ́ gígùn bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni. Wọ́n á da fùláwà pípò sáàárín, wọ́n á pa á dé, wọ́n á nà án sórí iná, wọ́n á sì yí i padà kí ìhà kejì náà lè jinná. Èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán Jésù lórí àgbélébùú ni wọ́n máa ń fín sí i nínú. Èyí tó jẹ́ ti adùn ẹnu, wọ́n lè fín òdòdó sí i, tàbí àmì ìdílé ẹni tó ni ín. Nígbà tó fi máa di 1559, wáfù ti gbajúmọ̀ débi pé Pieter Bruegel, ayàwòrán ará Flanders, yà á sínú àwòrán ńlá kan níbi tí àwọn ọlọ́dún àti àwọn aláàwẹ̀ ti ń bá ara wọn jà. Vienna ni àwòrán náà wà títí dòní.

Ó ṣeé ṣe kí irin wáfù wà nílé tìrẹ náà, kí o má mọ̀. Ọ̀pọ̀ tósítà tí wọ́n ń tà ní Alaba ló ní irin wáfù tí èèyàn lè fi pààrọ̀ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n inú páálí ni àwọn olówó rẹ̀ ń fi í sí. Lọ yẹ páálí náà wò.

Ṣé o mọ̀ pé ihò inú wáfù kì í ṣe ọ̀ṣọ́? Ihò wọ̀nyẹn ló ń sọ ojú kékeré di ojú ńlá. Ibi tí irin ti kan fùláwà pọ̀ sí i, ibi tó máa gbẹ, tó máa pọ́n, tó sì máa ta sánsán náà pọ̀ sí i. Iná ń ti òkè bọ̀, ó tún ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ófùnù máa fi ju ogún ìṣẹ́jú lọ yan, irin wáfù lè ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Pípọ́n tí mo ń sọ yìí, onímọ̀ ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912: ṣúgà àti èròjà amúaradàgbà ló ń pàdé nínú ooru, tí òórùn búrẹ́dì tuntun fi ń gba gbogbo àdúgbò.

Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìpékeré ápù onísínámónì (búrẹ́dì kékeré tí ápù wà nínú rẹ̀) nílé kò nílò ófùnù rárá. Kọ́ọ̀pù fùláwà méjì, yíìsì ṣíbí tíì kan, ẹyin kan, ìdajì kọ́ọ̀pù wàrà lílọ́wọ́ọ́wọ́, bọ́tà tó tó ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, ṣúgà díẹ̀, iyọ̀ fífún. Pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, bò ó, jẹ́ kó wú di ìlọ́po méjì. Bu ú ní ègé-ègé, tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ, bu ápù sí àárín, kó etí rẹ̀ pọ̀, fún un pa dáadáa, kí o wá gbé e sínú irin tó ti gbóná. Má fi agbára tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀ o. Bí ápù bá bẹ́ jáde, ṣúgà rẹ̀ á jó mọ́ irin, ìwọ àti kànìnkànìn ni yóò jọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé ápù kì í rì sínú omi? Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lásán ni ìpín kan. Èyí tó kù, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Omi yìí ni ọ̀tá ìpékeré wa. Tí omi bá di ooru, ó máa ń fẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,600. Ápù tútù tí a kàn gé sínú fùláwà á máa tú ooru yẹn jáde nínú irin, inú ìpékeré á rẹ̀ bí ẹ̀yìn rẹ̀ tilẹ̀ ti pọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ápù kaná. Bó o, gé e wẹ́wẹ́ kó má ju èékánná ọmọ-ìka lọ, fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí kó má baà dúdú. Dà á sínú bọ́tà tó ti yọ́, fi ṣúgà sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa hó yẹ̀yẹ̀ nínú omi ara rẹ̀. Máa rò ó. Nígbà tó bá yá, ìró yẹn á yí padà, á di ṣíṣá bíi ti epo gbígbóná, ápù náà á máa dán, ojú ọ̀nà tí ṣíbí bá là nínú ìkòkò kò sì ní tètè padé mọ́. Ìgbà yẹn ni kí o sọ̀ ọ́, kí o tó wọ́n sínámónì sí i.

Kí ló dé tí mo fi ní sínú ápù, tí mi ò ní sínú fùláwà? Ṣé o mọ̀ pé sínámónì ń bá yíìsì jà? Èròjà tó ń fún un lóòórùn, tí wọ́n ń pè ní cinnamaldehyde, kì í jẹ́ kí yíìsì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Fífún kékeré kò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí o bá da ṣíbí bíi mélòó kan sínú fùláwà, o lè dúró di ìrọ̀lẹ́ kó má wú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ búrẹ́dì máa ń fi í sí inú, wọn kì í pò ó mọ́ ọn.

Sínámónì yìí gan-an lẹ́rù tó ní ìtàn. Èèpo igi ni, kì í ṣe gbòǹgbò, kì í ṣe èso. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, Herodotus, òpìtàn ọmọ Gíríìkì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹyẹ ńláńlá ló ń kó igi sínámónì láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, tí wọ́n ń fi kọ́ ìtẹ́ sórí òkè tí èèyàn ò lè gùn. Ó ní àwọn Lárúbáwá á gé òkú màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gìdìgbà-gìdìgbà sí ìsàlẹ̀. Ẹyẹ á gbé ẹran lọ sí ìtẹ́, ẹran á wúwo jù, ìtẹ́ á wó, wọ́n á sì ṣa sínámónì nílẹ̀. Pliny ará Róòmù, tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀: wọ́n kàn ń pa á kí ọjà wọn lè wọ́n ni. Mo gbà pẹ̀lú Pliny. Ọlọ́jà tó bá sọ ibi tó ti ń rajà fún ọ, ó ti fẹ́ kógbá wọlé.

Ibi tó ti ń wá ní tòótọ́ kò sì nílò ẹyẹ. Ní Sri Lanka, wọ́n á gé ẹ̀ka igi náà, wọ́n á fá èèpo òde kúrò, wọ́n á fi ọ̀pá idẹ nù ún kíkan-kíkan kí èèpo inú lè ṣí, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á, wọ́n á sì bó o ní odidi. Bó ṣe ń gbẹ ló ń ká jọ fúnra rẹ̀. Nítorí èèpo tín-ínrín yìí, àwọn Potogí gba etíkun erékùṣù náà. Ní 1658 àwọn Dọ́ọ̀ṣì lé wọn jáde. Ní 1796 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Dọ́ọ̀ṣì. Àwọn Salagama, ìran tí iṣẹ́ bíbó rẹ̀ já lé léjìká, ni wọ́n ń fipá mú ṣe é fún ọba tó bá wà níbẹ̀.

Àwọn tiwa tí òwò ẹrú kó lọ sí Cuba náà bá sínámónì pàdé níbẹ̀. Lónìí, bí ẹnì kan bá ń bọ Ọ̀ṣun ní Havana, oyin àti sínámónì wà lára ohun tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìyá náà, bẹ́ẹ̀ Òṣogbo kò mọ igi sínámónì rí.

Ṣé o mọ̀ pé oríṣi méjì ló gbilẹ̀ lọ́jà? Ti Sri Lanka fẹ́lẹ́, ó ká jọ ní ìpele-ìpele, ọwọ́ lásán lè rún un. Kásíà, tí China àti Indonesia ń tà, nípọn, ó le, ó ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán jù. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ agolo sínámónì lílọ̀, kásíà ni. Ó dára fún ìpékeré, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní coumarin, tó lè da ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn láàmú tó bá pọ̀ jù. Wáfù ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Àwọn tó ń bu ṣíbí-ṣíbí rẹ̀ mu láràárọ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, torí pé ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ni kí wọ́n lọ bi dókítà wọn léèrè.

Ní 2023, ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọdé. Nígbà tí wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀, ápù lílọ̀ onísínámónì tí àwọn ìyá ń rà fún ọmọ wọn ló fà á, inú sínámónì rẹ̀ sì ni òjé wà. Ra igi rẹ̀, kí o lọ̀ ọ́ fúnra rẹ. Kò pé ìṣẹ́jú kan nínú ẹ̀rọ ìlọta gbígbẹ.

Ṣé o mọ̀ pé tí o bá gbin kóró ápù dídùn, kò dájú pé ápù dídùn lo máa ká? Òkè Tian Shan ní Kazakhstan ni ìyá ńlá àwọn ápù ti wá, kóró kọ̀ọ̀kan sì ń mú ìwà tirẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ irú kan náà gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka, kó lọ́ ọ mọ́ ìdí igi mìíràn. Granny Smith, ápù aláwọ̀ ewé tó kan díẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí torí pé kì í tètè yọ́ di ògì, inú ọgbà ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Maria Ann Smith ni igi rẹ̀ ti hù, ní Eastwood lẹ́bàá Sydney ní Australia, ní nǹkan bí 1868. Ìyá náà kú ní 1870, kò rí òkìkí tó wá gbà. Gbogbo igi Granny Smith tó wà láyé, ẹ̀ka igi kan ṣoṣo yẹn ni.

Ọ̀pọ̀ ápù tí àwọn ọmọ ń gbé sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ nínú gò-sílóò Èkó, South Africa ni wọ́n ti kó o wá. Ó sì lè ti pẹ́ tí wọ́n ti já a kúrò lórí igi kó tó débẹ̀. Ápù tí wọ́n já ṣì ń mí. Franklin Kidd àti Cyril West ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi hàn ní àwọn ọdún 1920 pé bí a bá dín ọ́síjìn inú yàrá tútù kù, ápù á mí díẹ̀díẹ̀, á sì pa ara rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Má fi í ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sá o: gáàsì tó ń tú jáde á mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ rà.

Wáfù Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù máa ń ní ṣúgà oníhóró nínú, tí kì í yọ́ tán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á sì di kárámẹ́lì. Irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbí. Gbé ṣúgà St. Louis, gún un sí wẹ́wẹ́, ó ti dé nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé irin wáfù ló bí bàtà kan? Bill Bowerman, olùkọ́ eré sísá ní Oregon, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Nike sílẹ̀, ń wá bàtà tó máa di ilẹ̀ mú láìwúwo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó gbé irin wáfù ilé, ó da urethane sí i. Kò fi òróró pa á, irin náà sì lẹ̀ pa, kò ṣí mọ́. Ó tún òmíràn rà, bàtà náà jáde, ayé rà á. Bí ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ bá lè gbàgbé òróró, fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tìrẹ.

Nígbà tí ìpékeré bá wà nínú irin, wo ooru funfun tó ń jáde létí rẹ̀. Bó bá ṣì ń tú yàà, má ṣí i. Fùláwà tútù á pín sí méjì, ìdajì á lẹ̀ mókè, ìdajì á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ooru náà bá dín kù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni kó o gbé ọwọ́ sí i.

Iná ńkọ́? Irin wáfù oníná sábà máa ń gba wáàtì 700 sí 1,000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní “I better pass my neighbour” máa ń kérora tó bá rí i, ó sì lè kú. Cornelius Swartwout, ará Troy ní New York, ti bá wa yanjú ìyẹn tipẹ́: ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1869, ìjọba Amẹ́ríkà fún un níwèé ẹ̀tọ́ lórí irin wáfù tó ń jókòó sórí ààrò, tí èèyàn lè fi ọwọ́ rẹ̀ yí padà láìfara jóná. Wọ́n ṣì ń ṣe irú rẹ̀, gáàsì sì gbé e.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, bí àwọn ọmọ bá jẹ́ kó ṣẹ́ kù, má kó o sí fìríjì. Fùláwà tètè ń le nínú òtútù fìríjì ju inú fíríísà lọ. Frank Dorsa àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ní San Jose, California, fi wáfù dídì dá òwò ńlá sílẹ̀ ní 1953, ẹ̀rọ tó sì ń yan án fún wọn, ẹ́ńjìnnì ẹṣin oníyíyípo tí àwọn ọmọdé ń gùn níbi ìṣeré ló ń yí i. Tìrẹ, wé e sí ọ̀rá, jẹ́ kó dì. Láàárọ̀, gbé e sínú irin tí kò gbóná jù, má fi bọ́tà kún un, fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.