LÉTÀ OGUN NI WỌ́N FI Ń DI ÀKÀRÀ O!

Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, kí ẹ tó fa bébà tí ẹ fẹ́ fi di àkàrà ya, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ létà ogun!

Ọ̀rọ̀ yìí kan Lánlátẹ̀, ó kan Èrúwà àti Ìgbò-Ọrà. Bàbá àgbà á kú, wọ́n á ṣòkú tán. Aṣọ, wọ́n á pín in. Ilẹ̀, wọ́n á jà sí i. Àpótí páànù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ìwé inú rẹ̀ á di ti ikán, tàbí ti ẹlẹ́pà. Bẹ́ẹ̀ létà tó ti Burma wá nígbà ogun Hítílà, tàbí láti ojú ogun Biafra láàárín 1967 sí 1970, ó lè wà níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé sójà lásán ló kọ ọ́. Sójà lásán ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ní 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ ẹ̀bá odò Kaladan ní Burma, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Ará abúlé kan, Shuyiman, ló ń bọ́ òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, tó sì fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Bí àwọn ará Japan bá mọ̀, orí Shuyiman ni ìbá lọ sí i!

Fadoyebo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tọ́jú ìwé náà sí Imperial War Museum ní London, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Oníròyìn Barnaby Phillips kà á, ó wá bàbá délé. Ní 2011, ó gba létà ọpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó gbé e dé Burma. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún 67! Ọdún tó tẹ̀lé e ni Fadoyebo náà kú. Ká ní wọ́n ti fi ìwé yẹn di ẹ̀pà ńkọ́?

Ẹ má fojú di èyí tí akọ̀wé létà bá ìyàwó sójà kọ o. Ìyàwó á sọ, akọ̀wé á kọ, ọ̀gá sójà á sì lè tú u kà. (Ẹni tó fẹ́ bá ọkọ jà, ojú á tì í!)

Títọ́jú rẹ̀ ò le. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, yóò ba bébà jẹ́. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ẹ́ńfílóòpù, kí ẹ gbé àpótí lé búlọ́ọ̀kù, kó jìnnà sí ògiri. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sára ẹ́ńfílóòpù. Kí ọmọ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kó sì gba ohùn màmá tó mọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kí màmá tó lọ. Bí àyè ò bá sí nílé, National Archives wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lọ béèrè níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó kọ̀wé sí wa. Ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́ o! Fọ́tò rẹ̀ ti tó.