Bí Ajá Bá Bu Ènìyàn Jẹ: Ìwé Ìlàlóye lórí Àrùn Dìgbòlugi fún Ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ni dìgbòlugi?

Ajá ń bá ọdẹ lọ sí ìgbẹ́, ó ń ṣọ́ ilé, ó sì ń bá àwọn ọmọ wa ṣeré lẹ́yìnkùlé. Bí ó ṣe sún mọ́ wa tó yìí, àìsàn rẹ̀ lè di tiwa. Èyí tí ó burú jù nínú àwọn àìsàn náà ni dìgbòlugi. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Kò sí oògùn, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀, tí ó ń wò ó lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n àyè máa ń wà láàárín ọjọ́ tí ajá bu ènìyàn jẹ àti ọjọ́ tí àmì yóò yọ. Ẹni tí ó bá fọ ojú egbò lójú ẹsẹ̀, tí ó gba àjẹsára lásìkò, tí ó sì gbà á parí, yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú 100 tí ó kú, ajá ni ó kó o ran nǹkan bí 99. Àwọn ọmọdé ni ọ̀rọ̀ náà sì kàn jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń bá ajá ṣeré, tí wọn kì í sì í sọ fún àgbà nígbà tí ó bá bù wọ́n jẹ.

Bí ó ṣe ń wọ ara

Inú itọ́ ẹranko tí ó ní àìsàn náà ni kòkòrò rẹ̀ wà. Bí ajá bá buni jẹ, tí ó fi èékánná ha ni lára, tàbí tí ó lá ojú egbò, ojú tàbí ẹnu, kòkòrò náà lè wọlé. Yóò máa gba inú iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ó sábà máa ń tó oṣù 2 sí 3 kí àmì tó yọ; ó lè yá tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè pẹ́ tó ọdún kan. Bí ibi tí ajá ti buni jẹ bá ṣe sún mọ́ orí tó ni ewu rẹ̀ ṣe yá tó.

Ológbò, ọ̀bọ àti àwọn ẹranko ìgbẹ́ náà lè kó o ranni. Màlúù tàbí ewúrẹ́ tí ajá dìgbòlugi bá bù jẹ lè ní in pẹ̀lú. Ẹ má ṣe pa irú ẹran bẹ́ẹ̀ jẹ, ẹ má sì mu wàrà rẹ̀.

Àmì lára ajá

- Ajá tó ń ṣe jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ lè di oníjà. Èyí tó ń ṣeré lè máa sá pamọ́.
- Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé oúnjẹ tàbí omi mì, ohùn gbígbó rẹ̀ sì yí padà.
- Ó ń bu igi, òkúta àti ohunkóhun tó bá rí jẹ.
- Ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ẹ rántí pé itọ́ ajá lè ti ní kòkòrò náà kí àmì kankan tó hàn.

Ohun tí ẹ ó ṣe bí ajá bá buni jẹ

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa da omi láti inú kẹ́tù. Ọṣẹ ń ba kòkòrò náà jẹ́, omi sì ń gbé e lọ.
2. Bí sípíríìtì tàbí áyódíìnì bá wà nílé, ẹ fi pa á lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán.
3. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egbò náà kéré. Bí ibi tí ẹ kọ́kọ́ dé kò bá ní àjẹsára dìgbòlugi, ẹ ní kí wọ́n júwe ibi tí ó wà fún yín, kí ẹ sì gba ibẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe padà sílé.
4. Ẹ sọ irú ẹranko tó ṣe é, ẹni tó ni ín, àti bóyá ó ti gba àjẹsára rí.

Ẹ má ṣe fi epo pupa, ata, ewé, kẹrosíìnì tàbí irun ajá tí a jó sí ojú egbò. Wọ́n ń mú kí ọgbẹ́ náà burú sí i, wọ́n sì ń jẹ́ kí àsìkò kọjá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Abẹ́rẹ́ náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń bẹ̀rù nítorí wọ́n gbọ́ pé ikùn ni wọ́n ti ń gún un, lọ́pọ̀ ìgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Apá ni wọ́n ń gún àgbàlagbà, itan ni wọ́n ń gún ọmọ kékeré. Láti ọjọ́ tí ẹ bá gba àkọ́kọ́, ẹ ó padà lẹ́yìn ọjọ́ 3, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14. Dókítà lè fi ti ọjọ́ 28 kún un. Bí egbò náà bá jìn, wọ́n tún lè fi oògùn mìíràn sí ojú egbò yíká, èyí tí yóò máa bá kòkòrò náà jà títí àjẹsára yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè gbà á láìséwu.

Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì nítorí pé egbò ti jiná. Ara tó jiná lóde kò fi hàn pé kòkòrò ti kú nínú.

Ẹ má ṣe yára pa ajá náà

Bí ẹ bá lè so ó mọ́lẹ̀ tàbí tì í mọ́lé láìfara pa, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko ìjọba tó wà ní agbègbè yín. Yóò máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bí ajá bá wà láàyè láìní àmì lẹ́yìn ọjọ́ náà, dókítà lè dá abẹ́rẹ́ yín dúró. Bí ó bá kú, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ má sì sọ ọ́ nù: orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ 10 yìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àjẹsára.

Bí àmì bá yọ lára ènìyàn

Ojú ibi tí ajá ti bù ú jẹ á máa ta á tàbí yún un. Ibà àti orí fífọ́ á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ọ̀fun rẹ̀ á máa fún pọ̀ bó bá fẹ́ mu omi, atẹ́gùn lásán á máa bà á lẹ́rù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì dàrú. Wèrè kọ́, iṣẹ́ ọ̀tá kọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè dín ìrora rẹ̀ kù, kí gbogbo ẹni tí itọ́ rẹ̀ ti kàn lójú, lẹ́nu tàbí lójú egbò sì gba àjẹsára.

Ìdí tí àwọn olùwádìí fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín

Ìwádìí ló bí abẹ́rẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1885, Louis Pasteur fún ọmọ ọdún 9 kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní àjẹsára náà ní Paris, ọmọ náà sì yè. Ilẹ̀ wa náà kò gbẹ́yìn. Ní 1956, wọ́n rí ìbátan kòkòrò dìgbòlugi lára àdán ní Èkó. Ní 1968, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn rí òmíràn lára asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, orúkọ àdúgbò náà ni gbogbo ayé sì fi ń pè é títí dòní. Ní Vom, Ìpínlẹ̀ Plateau, iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 1924.

Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Iṣẹ́ tí dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1907 ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen. Yunifásítì LAUTECH náà ní tirẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùwádìí lè wá bi yín léèrè nípa ajá yín tàbí egbò yín. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ìdáhùn yín ṣe. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú yín kò gbọdọ̀ dín kù. Bí ẹ bá gbà, ìdáhùn yín ni dókítà ènìyàn àti dókítà ẹranko yóò fi mọ àdúgbò tí àrùn náà wà.

Ojúṣe ẹni tó ní ajá

- Ẹ fún ajá ní àjẹsára bó bá pé oṣù 3, kí ẹ sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀.
- Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa rìn kiri ọjà àti ojú títì.
- Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ kó gbogbo ajá yín lọ gba àjẹsára pa pọ̀. Ẹ̀yin tó ń pa ajá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì ṣọ́ra fún itọ́ àti ọpọlọ rẹ̀.
- Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé. Ẹ bi dókítà ẹranko bóyá wọn yóò fún ajá ní àjẹsára ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gba àjẹsára, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́. Ọ̀yọ́ lè ṣe é, Ògbómọ̀ṣọ́ náà lè ṣe é. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín lónìí pé bí ajá bá bù wọ́n jẹ tàbí ha wọ́n lára, kí wọ́n wá sọ ọ́ kíákíá, ẹnikẹ́ni kò sì ní nà wọ́n.