Kíka Lékeléke Níbi Tí Wọ́n Ń Sùn Sí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìbà, Ọjọ́ àti Òkókómáìkò, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo, kò sí ẹni tí kò mọ lékeléke nínú yín. Ẹ máa ń rí wọn lẹ́yìn màlúù, tí wọ́n ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù bá lé dìde nínú koríko. Tata kan náà ni ó ń jẹ ewé ẹ̀fọ́ yín. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ mọ̀ bí lékeléke bá ń pọ̀ sí i tàbí bí wọ́n bá ń dín kù.

Ní ọ̀sán, wọn kò ṣeé kà, nítorí pé wọ́n fọ́n káàkiri. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá rọ̀, wọn a máa para pọ̀ wá sùn sórí igi kan tàbí méjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kà wọ́n.

Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta dé ìtòsí igi náà ní wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀. Kí olúkúlùkù kọjú sí ọ̀nà tirẹ̀, kí ó sì ka kìkì àwọn tí ó gba ọ̀nà náà wọlé, kí a má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá dé ní ọ̀wọ́ ńlá, ẹ ka mẹ́wàá, ẹ fi ojú wọn bí mẹ́wàá náà ti tó, kí ẹ sì fi ìwọ̀n yìí ka ìyókù. Àwọn baba wa pàápàá kò ka owó ẹyọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á. Ẹ ju ẹ̀kùrọ́ kan sínú igbá fún mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá fò jáde, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye náà. Ẹ má ṣe dúró sábẹ́ igi: ẹyẹ yóò sá, aṣọ yín yóò sì bàjẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni èyí. Ní ilẹ̀ Gánà, ibi mẹ́ta kan wà tí odídẹrẹ́ 700 sí 1,200 ti ń sùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí padà síbẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, 18 péré ni wọ́n rí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n tẹ èyí jáde ní ọdún 2016. Bí kò bá sí iye àtijọ́ lákọsílẹ̀, ta ni ì bá mọ bí àdánù náà ti pọ̀ tó?

Ẹ ṣọ́ra, lékeléke a máa lọ sí ìhà àríwá nígbà òjò láti lọ yé ẹyin. Nítorí náà, oṣù Disẹ́ńbà ọdún kan ni kí ẹ fi wé Disẹ́ńbà ọdún kejì. Bí iye bá sì dín kù, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn igi mìíràn nítòsí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gé igi àtijọ́ ni, tàbí pé àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó bèèrè nípa oògùn apakòkòrò àti pápá tí a ti fi kọ́ ilé.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọjọ́, aago, igi tí a ṣọ́, bí ojú ọ̀run ti rí àti iye ẹyẹ sínú ìwé ẹgbẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.