Owó Ìrànwọ́ fún Obìnrin àti Akàndá Ẹ̀dá: Ta Ló Wà Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Pín In?

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni USAID kógbá sílé, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń lò láti ọdún 1961 láti fi owó ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà, Marco Rubio tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Amẹ́ríkà ti kéde pé àwọn ti fagi lé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ àjọ náà. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin àti ti akàndá ẹ̀dá tó gbójú lé irú owó bẹ́ẹ̀ wá ń wo ọwọ́ àwọn àjọ aláàánú. Iye owó tó kù ṣe pàtàkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ná an ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni owó yìí ṣe ń rìn?

Owó ìrànwọ́ kì í ṣe gbèsè, ẹnikẹ́ni kì í san án padà. Àjọ aláàánú á kéde rẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ á sì kọ̀wé béèrè. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni èyí tí wọ́n so mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo: bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí ẹ fi rà, ẹ ò gbọdọ̀ mú kọ́bọ̀ níbẹ̀ san owó ilé. Èkejì ni èyí tí wọn ò so mọ́ ohunkóhun: ẹgbẹ́ lè fi san owó oṣù òṣìṣẹ́ tàbí kó tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro. Èkíní ló wọ́pọ̀, èkejì ló ń mú kí ẹgbẹ́ pẹ́ láyé.

Pípẹ́ láyé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka dídẹ́yẹ sí akàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn akàndá ẹ̀dá fi jà fún un. Òfin náà fún àwọn tó ni ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún un ṣe, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ akàndá ẹ̀dá lè rọ́nà wọlé. Owó ọlọ́dún kan kò lè gbé irú ìjà bẹ́ẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

Kí ló ń dí owó náà lọ́nà?

Àwọn tó nílò owó yìí pọ̀, èyí tó ń dé ọwọ́ wọn sì kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bílíọ̀nù 1.3 ènìyàn ló jẹ́ akàndá ẹ̀dá, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà. Nígbà tí AWID, àjọ tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, ṣèwádìí lórí ẹgbẹ́ obìnrin 740 kárí ayé, ìdajì wọn ni kò rí ju 20,000 dọ́là lọ ní odidi ọdún 2010.

Ìwé ló kọ́kọ́ ń dènà. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀; báńkì á tún béèrè ìwé SCUML lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ìwé ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́ọ̀mù elédè Gẹ̀ẹ́sì yóò dé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ya fọ́ọ̀mù náà bí àwòrán ni, ó máa ń ṣòro fún fóònù tó ń kàwé fún afọ́jú láti kà á.

Ohun kejì ni pé àwọn tó ń pín owó kì í rí ohun tí ẹni tọ́rọ̀ kàn ń rí. Ká ní àjọ kan pín páàdì nǹkan oṣù fún gbogbo ọmọbìnrin iléèwé kan. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì há. Ọmọbìnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́ gba páàdì, síbẹ̀ ilé ló ń jókòó sí bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti ràn án lọ́wọ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí wọ́n bá ti bi í, ì bá ti sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yẹn fún wọn.

Àwọn tó tún ètò náà tò

Lọ́dún 2000, Bisi Adeleye-Fayemi, ọmọ Yorùbá, pẹ̀lú Joana Foster ti Ghana àti Hilda Tadria ti Uganda, dá African Women's Development Fund sílẹ̀. Accra ni oríkò rẹ̀ wà, àwọn obìnrin Áfíríkà ló ń darí rẹ̀, ó sì ti fún àwọn ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ogójì lówó.

Lẹ́yìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá lọ́dún 2006, Disability Rights Fund bẹ̀rẹ̀ ní Boston. Àwọn akàndá ẹ̀dá wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹni tí wọ́n máa fún lówó. Níbi tí adití bá wà nínú ìgbìmọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní pe owó ògbufọ̀ èdè adití ní ìnákúnàá.

Àwọn àjọ ńláńlá náà ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2016, Darren Walker, tó jẹ́ ọ̀gá Ford Foundation nígbà náà, jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn gbàgbé akàndá ẹ̀dá nínú ètò tí àwọn ṣe láti gbógun ti àìdọ́gba.

Kí ló kàn wá?

Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní London àti Houston ń kówó jọ ránṣẹ́ sílé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí náà ń ṣe é. Kí wọ́n tó ra kẹ̀kẹ́ akàndá ẹ̀dá ránṣẹ́, kí wọ́n bi ẹni tó máa gùn ún bóyá táyà rẹ̀ á lè rìn lójú ọ̀nà oníyanrìn. Kí wọ́n fi obìnrin àti akàndá ẹ̀dá sínú ìgbìmọ̀ tó ń pín owó, kì í ṣe láti wá ya fọ́tò, bí kò ṣe láti dìbò. Kí wọ́n sì jẹ́ kí owó náà pẹ́ ju ọdún kan lọ, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń jà fún kì í tán láàárín ọdún kan.