Mọ́dàbọ́ọ̀dù Kékeré fún Eré Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọ àti Bí A Ṣe Ń Dán An Wò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé ìbéèrè owó kan dé iwájú ìgbìmọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń bójú tó, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì rú àwọn àgbà lójú. Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó kí àwọn fi kọ́ mọ́dàbọ́ọ̀dù kékeré márùn-ún tí a lè fi ta eré kọ̀ǹpútà àtijọ́. Alága bi akọ̀wé, akọ̀wé kò mọ̀ ọ́n. Akápò ní kí wọ́n dá ìwé náà padà kíákíá, nítorí pé ẹgbẹ́ kì í yá ènìyàn lówó eré. Ni wọ́n bá fi í ránṣẹ́ sí mi. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ náà jókòó, mo wo àwòrán iṣẹ́ wọn, mo sì rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tiyín, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó béèrè. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àlàyé yìí.

Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni pátákó pẹlẹbẹ inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Ojú ọ̀nà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà lára rẹ̀ dípò wáyà, ibẹ̀ sì ni iná ń gbà kọjá láti ẹ̀yà kan sí èkejì. Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní i. Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa kọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nítorí eré àtijọ́?

Ọ̀rọ̀ ìyára ni àkọ́kọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé PC rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1981, ṣíìpù Intel 8088 tí í ṣe ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 4.77 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kọ eré fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wo aago rárá. Ìṣísẹ̀ ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n fi ń ka àkókò. Bí ẹ̀rọ bá wá yára ju èyí tí wọ́n ní lọ́kàn lọ, eré náà a máa sáré kọjá ohun tí ojú lè bá lọ. Wing Commander, tí ó jáde ní 1990, jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí àwọn olùfẹ́ rẹ̀ mọ̀ dáadáa: lórí ẹ̀rọ tí ó yára jù, àwọn ọkọ̀ ọ̀tá a ti fò kọjá kí èèyàn tó na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù. Àwọn ètò kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í dìde rárá. Àwọn tí a fi Turbo Pascal ti Borland kọ a máa kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ lè yí po láàrin ìdá 55 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn a sì fi 55 pín in. Lórí ẹ̀rọ tí ó ju nǹkan bí mílíọ̀nù 200 lọ, èsì ìpín náà kò gba inú àpótí tí a ṣe fún un mọ́. Ètò náà a dákú, a sì kọ àṣìṣe 200 sójú sìkírìnì. Bí ẹni tí ó fẹ́ kọ mílíọ̀nù kan náírà sínú òpó ìwé owó tí kò gbà ju nọ́ńbà márùn-ún lọ ni.

Ohùn ni ìkejì. Eré àtijọ́ máa ń bá káàdì olóhùn sọ̀rọ̀ tààrà, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Káàdì AdLib jáde ní Canada ní 1987, Sound Blaster ti Creative ní Singapore sì tẹ̀ lé e ní 1989. Ihò tí a ń pè ní ISA ni a máa ń ki àwọn káàdì wọ̀nyí bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí a ń tà sí ilé lónìí kò ní ihò náà mọ́.

Ẹnì kan lè ní kí wọ́n lọ ra ògbólógbòó. Wọ́n ń rà á, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le mọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù 386 àti 486 ni a jó bátìrì kékeré mọ́ lára láti máa pa aago mọ́, bátìrì náà a sì tú omi sílẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Omi yìí ń jẹ ojú ọ̀nà bàbà títí yóò fi gé. Mo ti rí ọ̀kan rí tí igun rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé bí ìdí ìkòkò bàbà.

Kí n má fi òtítọ́ pamọ́: ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ DOSBox, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2002, tí ń mú kí kọ̀ǹpútà òde òní ṣe bí ti àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó tó. Kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ohun tí akápò wa sọ kò burú tó bí àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe rò. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń fẹ́ ẹ̀rọ tí a lè dì mú, wọ́n sì ń san owó fún un.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ọ̀dọ́ náà mú wá ni TinyLlama. Ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ gbé e síta fún gbogbo ayé láti lò. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé apá tí ó le jù lọ kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ ọ. Ó ń ra pátákó kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ DM&P ní Taiwan ti ṣe tán, tí ṣíìpù Vortex86EX àti mẹ́mórì rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, a sì wá kọ́ ìyókù yí i ká. Lórí pátákó 86Duino ti ilé-iṣẹ́ náà, ìgbà mílíọ̀nù 300 ni ṣíìpù yìí ń lù, ṣùgbọ́n a lè dín in kù kí ó bá ọjọ́ orí eré mu. Ohun tí ó wù mí jù ni pé ó ṣì gbọ́ èdè ISA. Nítorí náà a lè jó ṣíìpù olóhùn gidi ti ìgbà náà, CS4237B ti Crystal, mọ́ ara pátákó, kí eré sì rò pé Sound Blaster ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé lọ.

Ètò ọ̀fẹ́ KiCad ni a fi ń ṣí àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà a fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ pátákó, irú èyí tí ó pọ̀ ní ìlú Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ibẹ̀ ni iye márùn-ún ti wá: irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà tẹ ohun tí kò tó 5 fún ènìyàn. Ẹni tí ó fẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo yóò gba 5, mẹ́rin a wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ irú ẹ̀rọ yìí ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi máa ń dáwó jọ, tí wọn kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù ni àwọn ń ṣe.

Lórí jíjó lẹ́ẹ̀dì, n kò ní pẹ́. Ẹ̀yà kéékèèké ni a ń kọ́kọ́ jó, àwọn tí ó ga a kẹ́yìn. Ṣíìpù olóhùn yẹn ni ó ń dẹ́rù bani: ó ní ẹsẹ̀ 100, àlàfo àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì kò sì tó mílímítà kan. Lẹ́ẹ̀dì tí ó bá pọ̀ jù a so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, ojú lásán kì í sì rí i. A ní láti lo gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi.

Ìdánwò ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ̀ jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ a jó gbogbo ẹ̀yà mọ́ pátákó tán, a tan iná sí i lẹ́ẹ̀kan náà, a sì dúró kí ó rí bóyá èéfín yóò rú. Bí èéfín bá rú, pátákó tí ó wọ́n jù lọ ni ó sábà ń bá a lọ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í ki pátákó ọkàn ẹ̀rọ bọ̀ títí àwọn ẹ̀yà olówó pọ́ọ́kú yóò fi fi ara wọn hàn ní olóòótọ́.

Kí iná tó dé rárá, a ń fi mítà yẹ ọ̀nà iná àti ilẹ̀ rẹ̀ wò. Bí mítà bá ké, wọ́n ti kan ara wọn, a kò sì gbọdọ̀ lọ síwájú. Lẹ́yìn èyí a fún pátákó ní iná láti inú ẹ̀rọ tí a lè fi òdiwọ̀n sí, kí ó má lè fa ju díẹ̀ lọ bí nǹkan bá tilẹ̀ bàjẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí tí iná kì í dúró sójú kan, n kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí láìgbé e ka orí bátìrì. Ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ fóòtì 5, kí ó wà láàrin 4.75 àti 5.25. Ibi tí ó yẹ kí ó jẹ́ 3.3, kí ó wà láàrin 3.14 àti 3.46. A fi ìka kan ẹ̀yà tí ń dín iná kù. Bí ó bá gbóná tí ohunkóhun kò tíì fa iná lára rẹ̀, àbùkù wà. Ẹ kọ gbogbo iye yìí sínú ìwé, pátákó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí nìkan ni a ó pa iná, tí a ó ki pátákó ọkàn ẹ̀rọ bọ̀, tí a ó sì tún tan án. PC máa ń yẹ ara rẹ̀ wò bí ó bá jí, ó sì ń kọ àmì sí ẹnu-ọ̀nà tí a ń pè ní 80 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àmì náà bá dúró sí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn. Bí ó bá jí dáadáa, a ó fi FreeDOS sí i, ètò ọ̀fẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀dà olè dán an wò. Ìpín àkọ́kọ́ eré Doom ti 1993 wà fún ẹnikẹ́ni láti pín láìsan owó, ó sì tó fún ìdánwò.

Ohùn ni ó ń fi àbùkù tí ó fara sin hàn. Oríṣi ohùn méjì ni ó wà nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Orin kò nílò ju ọ̀nà kan tí ètò ń gbà kọ̀wé sí ṣíìpù lọ. Ìró ìbọn àti ohùn ènìyàn nílò ọ̀nà méjì sí i: èyí tí ṣíìpù fi ń gbé ìró láti inú mẹ́mórì fúnra rẹ̀, àti èyí tí ó fi ń pe ọkàn ẹ̀rọ pé òun ti parí. Bí orin bá ń dún tí ìró ìbọn kò dún rárá, ẹ wo ọ̀nà àkọ́kọ́. Bí ìró kékeré kan bá ń tún ara rẹ̀ sọ láìdáwọ́ dúró, bí akólòlò, ọ̀nà ìpè ni ó gé tàbí tí a tò sí nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yọ ṣíìpù tí kò ṣẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dára, a jẹ́ kí eré máa lọ fún wákàtí mélòó kan, nítorí pé àbùkù kan wà tí kì í yọjú àfi bí ara ẹ̀rọ bá móoru.

Mo wá bi àwọn ọ̀dọ́ náà pé, bí ọ̀kan nínú márùn-ún bá kú ńkọ́, ta ni ó ni ín? Wọ́n wo ara wọn lójú. Olúkúlùkù ti fọkàn sí i pé tòun kọ́ ni yóò kú. Èyí kò yé wọn tó bí jíjó lẹ́ẹ̀dì ṣe yé wọn. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti gbogbo wọn ni gbogbo pátákó títí èyí tí ó kẹ́yìn yóò fi yege, kí wọ́n sì ṣe onídùúró fún ara wọn.

Sí ìgbìmọ̀, mo dámọ̀ràn pé kí owó náà jáde ní ìpín mẹ́ta. Ìpín kìíní fún pátákó òfìfo àti ẹ̀yà kéékèèké. Ìkejì fún ṣíìpù olóhùn àti pátákó ọkàn ẹ̀rọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré. Ìkẹta kò gbọdọ̀ jáde títí nọ́ńbà 1 yóò fi yege, nítorí pé àṣìṣe tí ó bá wà nínú àwòrán wà lára márààrún. Ìdí kejì ni pé a kò ṣe CS4237B mọ́. Àjẹkù inú ilé ìkẹ́rù ni a ń rà, àwọn kan sì ń ha orúkọ kúrò lára ṣíìpù mìíràn láti kọ èyí tí ó wọ́n sí i. Bí wọ́n bá ra márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà tí ó jẹ́ ayédèrú, owó ẹgbẹ́ ti rì. Rìsíìtì olùtajà àti ìwé ìdánwò ni kí akọ̀wé fi pamọ́ pọ̀.

Ìgbìmọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, pátákó òfìfo márùn-ún ti dé, wọ́n sì ti jó ẹ̀yà iná mọ́ nọ́ńbà 1. Akápò ní òun yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ tan iná sí i, àti pé òun ni yóò di mítà mú.