Ohun Tí Gọ́ọ̀mù Onírin Ń Ṣe Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ẹ̀rọ Ata

Ẹ̀sùn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata láti ọjà Ìkòtún títí dé Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndo kò yàtọ̀ síra: nọ́ọ̀tì tó mú ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì mọ́ férémù kì í pẹ́ tú, bẹ́líìtì ń bọ́, nígbà tó bá sì yá, ẹsẹ̀ kan á kán. Mẹkáníìkì á wá po gọ́ọ̀mù onírin, ìyẹn gọ́ọ̀mù alápá méjì tí wọ́n ti da ìyẹ̀fun irin sí, á rẹ́ ẹ yí ẹsẹ̀ náà ká láti òkè, á gba owó, á bá tirẹ̀ lọ. Owó òfò ni, nítorí pé abẹ́ ẹsẹ̀ ni gọ́ọ̀mù yìí ti wúlò, kì í ṣe òkè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé kí ó so ẹ̀ńjìnnì mọ́ férémù ni wọ́n ṣe ń fi í síbẹ̀.

Inú férémù ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Áńgù-áyọ̀n tí wẹ́dà jó pọ̀ létí títì kì í sábà tẹ́jú, nítorí pé irin tó yọ́ níbi tí wọ́n ti jó o máa ń sún kì bó bá ti ń tutù, á sì fa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lé irú férémù bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni yóò jókòó, ìkẹrin á rọ̀ sófuurufú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo abẹ́ rẹ̀ lè má ju ìnípọn bíléèdì lọ. Ẹni tó bá fi sípánà fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ kẹrin yìí pa rò pé òun ti dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ńjìnnì ló ń fà wálẹ̀. Irin dídà, èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe, kì í sì í tẹ̀, kíkán ló ń kán, ìgbọ̀n ojoojúmọ́ ni yóò sì parí iṣẹ́ tí sípánà bẹ̀rẹ̀. Ìdí kan náà ló ń tú nọ́ọ̀tì. Gerhard Junker, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, ti fi hàn láti ọdún 1969 pé ohun tó ń tú nọ́ọ̀tì jù ni kí nǹkan méjì tí bóòtì dè pọ̀ máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lórí ara wọn, ohun tí ẹsẹ̀ tí kò jókòó dáadáa kò lè ṣàì ṣe, wọ́ṣà onísípíríǹgì tí wọ́n ń tò léra wọn kò sì lè wo àrùn yìí sàn. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo nígbà tí mẹ́ta yòókù ṣì le, kí wọ́n sì wò ó bóyá ẹsẹ̀ náà yóò gbéra.

Irú gọ́ọ̀mù yìí kì í di irin nítorí pé ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀. Ohun tí ìyẹ̀fun náà ń ṣe ni pé kò jẹ́ kó sún kì púpọ̀ bó bá ń le, ó sì ń jẹ́ kó lè gbẹ́rù láìrún. Ìyẹn ni àwọn ayìnbọn ní Amẹ́ríkà ṣe ń fi í tẹ́ inú ìdí ìbọn onígi, nítorí pé igi ń mu omi ó sì ń wú, irin ìbọn kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ níbi tó jókòó sí; àwọn tó ń gbé ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kalẹ̀ náà ń da irú rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ ẹ̀rọ ata, wọ́n á fi sáńpépà ha férémù títí irin á fi dán, wọ́n á sì fi tínà nu epo rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n pọ́líìṣì bàtà ni wọ́n á fi pa ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì àti ara bóòtì, kí gọ́ọ̀mù má baà mú wọn. Wọ́n á po apá méjèèjì ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, wọ́n á kó o jọ sí àárín kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ jáde, wọ́n á gbé ẹ̀ńjìnnì lé e, ọwọ́ lásán ni wọ́n á sì fi yí nọ́ọ̀tì. Ibí gan-an ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: mẹkáníìkì tó bá fi sípánà fún un pa nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù ti fa ẹsẹ̀ náà tẹ̀, gọ́ọ̀mù á sì le mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì, tó ti le tán, tí wọ́n sì gbé ẹ̀ńjìnnì sókè, ojú ẹsẹ̀ náà yóò hàn lára rẹ̀ bí ìpasẹ̀ ṣe ń hàn lára ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ìgbà yẹn ni sípánà tó kàn.

Títo bẹ́líìtì ló yẹ kó tẹ̀ lé èyí, ṣùgbọ́n ewu kan wà tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Inú agolo kan náà ni àwọn kan ti ń bu gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu ẹ̀rọ tó ti là, níbi tí ata ń gbà kọjá. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ojú wọ̀n kì í le tán. Èyí tí kò le nínú rẹ̀ ń fa ara yíyún fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, omi tòmátì kíkan àti ìgbọ̀n ẹ̀rọ á sì máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n lẹ ibẹ̀ rárá, pípààrọ̀ ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, oníbàárà tó bá sì rí àbàwọ́n aláwọ̀ eérú nínú ẹnu ẹ̀rọ kó tó da ata sí i, kí ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.